Fáàfù Hítà àti Síso Họ́ọ̀sì Pọ̀ Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù
Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì kì í yé wọ inú hítà (ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru) bí awakọ̀ kò tilẹ̀ tàn án, ooru rẹ̀ a sì tún máa kún ti oòrùn ọ̀sán lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ họ́ọ̀sì méjèèjì lára hítà, kí wọ́n sì fi páìpù kékeré so wọ́n pọ̀. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọyẹ́, tí èémí bá bo gíláàsì iwájú láti inú, kò sí ooru tí yóò gbẹ ẹ́.

Fáàfù, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ọ̀nà omi tàbí tí a fi ń tì í, ni èmi fara mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, a ó gé họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wọ hítà, a ó ki fáàfù sí àárín rẹ̀, a ó sì fi kílíìpù dè é pinpin. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà hítà ni omi ń gbà yí po kí tẹ́mósítáàtì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, tó ṣí (ìyẹn bí wọn kò bá tíì yọ tẹ́mósítáàtì náà sọnù!), fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́rin ló yẹ, nítorí pé yóò dá omi padà sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ti hítà pa.