Ìgbàlà: Ṣé Ó Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni?

Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ṣágámù, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, bá ń rin ewùrà ìkókoré, á ní: “Mo ti rí ìgbàlà, ó parí.” Jòhánù 10:28 ló gbójú lé: kò sẹ́ni tó lè já àgùntàn Jésù gbà lọ́wọ́ Rẹ̀.

Mẹ́tọ́díìsì ni màmá mi. Òun náà gbà pé èèyàn lè mọ̀ lónìí pé òun ti là. John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, fúnra rẹ̀ rí ìdánilójú yẹn ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, 1738. Àmọ́ màmá mi ní èèyàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ìgbàlà. “Ẹ̀gbọ́n mi, 1 Kọ́ríńtì 10:12 ńkọ́? Kí ẹni tó rò pé òun dúró ṣọ́ra!”

Ti màmá mi ló wọ̀ mí létí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn ló ń sun oorun àsùnwọra.