Yàrá kos tàbí ilé kontrakan: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa ti Bandung ṣiṣẹ́?

Bandung, olú-ìlú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Java ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, wà lórí òkè, ní nǹkan bí 768 mítà sí ojú òkun, ìdí nìyí tí ooru ibẹ̀ kò fi tó ti Jakarta. Ẹni tó bá fẹ́ máa ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù yóò ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: yàrá kos, tàbí odindi ilé tí wọ́n ń pè ní kontrakan. Owó ilé nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n wọn. Lójú tèmi, aago ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Wákàtí mẹ́fà ni Bandung fi ṣíwájú Nàìjíríà. Bí ọ̀gá rẹ ní Èkó bá ń retí rẹ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Bandung, yóò sì di aago mọ́kànlá alẹ́ kí o tó palẹ̀ mọ́. Ní ìgbà òtútù, ti Lọ́ńdọ̀nù tún fi wákàtí kan pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ, ohun tí ilé náà jẹ́ ní alẹ́ ni owó rẹ sì ń rà.

Kos ni yàrá kan nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé jọ ń gbé. Ó pọ̀ gan-an ní agbègbè Dago, nítorí pé ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Bandung, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ITB sì ti wà níbẹ̀ láti 1920. Oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sì máa ń wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó dé pẹ̀lú báàgì kan lè sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí o bá rí «kamar mandi dalam» lára pátákó, ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá. «Luar» túmọ̀ sí pé ìwọ àti àwọn yòókù ni ẹ ó jọ máa lò ó. «Putri» jẹ́ ti obìnrin nìkan, «putra» ti ọkùnrin, «campur» sì gba tọkùnrin tobìnrin. Ohun tí àlejò kì í sábà bèèrè ni «jam malam», ìyẹn aago tí wọ́n ń ti géètì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló kan ẹni tó bá ń ti ilé kọfí dé lóru. Wi-Fi náà tún wà ńbẹ̀: gbogbo yàrá ló sábà máa ń pín ọ̀kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì padà dé ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n tan fóònù wọn, ìgbà yẹn gan-an ni ìpàdé rẹ ń lọ lọ́wọ́.

Ní kontrakan, ìwọ lo ni géètì, ìwọ lo sì ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan ni onílé sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹni tó ti yá ilé rí ní Èkó mọ̀ dáadáa, ilé náà sì lè ṣófo tí ìwọ fúnra rẹ á ra bẹ́ẹ̀dì títí dórí ìkòkò. Bèèrè iye iná tí ilé náà lè gbé, èyí tí wọ́n ń fi VA wọ̀n. Nínú ilé tó jẹ́ 900 VA, bí o bá tan kẹ́túlù oníná níbi tí ìkòkò iná ti ń se ìrẹsì lọ́wọ́, gbogbo iná ilé lè kú, tí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé kò yẹ kí ti ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ dín sí 1,300 VA. Bí iná bá ń tán lọ, mítà ara ògiri á máa ké, ìwọ náà á sì tẹ àwọn nọ́ńbà 20 ti iná tí o rà sínú rẹ̀, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ nílé. Fún ilé 1,300 VA, rupiah (owó Indonéṣíà) 1,444.70 ni yúnìtì kọ̀ọ̀kan.

Níti àdúgbò, òkè àríwá, láti Dago dé Lembang, tutù débi pé o lè máà nílò ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n àwọn ará Jakarta máa ń kún ọ̀nà rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti la, tí ìmìtìtì ilẹ̀ lè ti wá, tí wọ́n ń pè ní Sesar Lembang, sì gba apá ibẹ̀ kọjá. Má gba ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán. Gúúsù tẹ́jú, ọ̀nà ibẹ̀ sì rọrùn fún alùpùpù, àmọ́ kí o tó sanwó ní ìhà Gedebage tàbí Dayeuhkolot, bi àwọn aládùúgbò léèrè ibi tí omi ń dé nígbà òjò. Níbikíbi tí o bá gbà, bàtà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lè hu funfun láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, nítorí náà yàrá tó ní fèrèsé tó ń ṣí síta ni kí o yàn.

Bí o bá ń lo físà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, E33G, tí ó gba pé kí owó tó ń wọlé fún ọ tó dọ́là 60,000 lọ́dún, ọdún kan ni wọ́n ń fún ọ, kontrakan sì bá ìyẹn mu. Síbẹ̀, kos ni mo fọwọ́ sí fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí o lọ wò ó, má lọ ní ọ̀sán. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, kí o sì fi fídíò pe ẹnì kan nílé.