Oúnjẹ Ọ̀sán ní Akoko tàbí Tábìlì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹni tí ó fẹ́ jẹ oúnjẹ aláràbarà ní Lọ́ńdọ̀nù láìná owó tabua lè lọ sí Akoko, ilé oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ fún ilé oúnjẹ tó ta yọ, ní 2024, ní ọ̀sán, nígbà tí owó kéré sí ti alẹ́. Ó sì lè yan The Vincent Rooms, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Capital City College (Westminster Kingsway College tẹ́lẹ̀) ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń gbé e fún oníbàárà. Níbẹ̀, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbọ̀n bí ó ti ń da ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, wọn kì í sì í ṣí nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Akoko yẹ ọjọ́ ìbí, bí ẹ bá ti ro owó iṣẹ́ àwọn agbáwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ti akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi yóò yàn.