Ìwé "ọmọdé" tó gba oorun lójú mi

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra What Sunny Saw in the Flames fọ́mọ yín, ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná. Ìwé Nnedi Okorafor ni, Akata Witch ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà níbi tó ti kọ́kọ́ jáde ní 2011. Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni mo ti rà á, ẹni tó ń tà á ní ìwé ọmọdé ni, èmi náà ò yẹ inú ẹ̀ wò. Ọmọ mi ò sì tíì pé ọdún 9.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn gan-an. Àfín ni Sunny, ọmọ ọdún 12, New York ni wọ́n bí i sí àmọ́ Aba ló ń gbé, kò lè gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn, ó wá rí i pé òun ní agbára idán, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n bá ti kọ́ nǹkan tuntun owó á máa já bọ́ látòkè. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé tóun bá mọ táìmù tébù òun náà á rí owó.

Gbọ́mọgbọ́mọ kan ló bà á jẹ́. Black Hat Otokoto lorúkọ ẹ̀, àwọn ọmọdé ló ń jí gbé. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní 1996 mọ Otokoto, òtẹ́ẹ̀lì l'Ówerri tí wọ́n tan ọmọ ọdún 11 tó ń ta ẹ̀pà wọ̀, tí wọ́n sì gé e lórí. Orí mi wú nígbà tí mo rí orúkọ yẹn nínú ìwé ọmọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn àgbà tó lágbára jù lọ ló ní kí ọmọ mẹ́rin lọ kojú ẹ̀, àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì ń wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta wọ́n múná lọ, mo ṣáná kí n tan àbẹ́là, ọmọ yìí di ọwọ́ mi mú gírígírí, "Mọ́mì, ẹ má tàn án, ẹ jẹ́ ká jókòó sínú òkùnkùn." Inú iná àbẹ́là ni Sunny ti rí bí ayé ṣe máa parí.

Ìwé yẹn dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Àwa náà ka Fágúnwà níléèwé, iwin kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, àmọ́ tíṣà wà níwájú tó ń kà á fún wa. Ọmọ ọdún 12 lè dá a kà. Èyí tó bá kéré sí i, ẹ jókòó tì í, ẹni tó ń tà á náà sì yẹ kó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn kó tó gbowó.

Ọ̀sán la wá fi ń kà á, lórí ẹní ní fàráńdà, a ti parí ẹ̀. Ó ti ń béèrè apá kejì. Màá kọ́kọ́ dá a kà ná.