Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ayédèrú àwòrán òdòdó Jàpáánì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra àwòrán àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tó ń ta àwòrán òdòdó ilẹ̀ Jàpáánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń búra pé iṣẹ́ Ogawa Kazumasa, ayàwòrán ilẹ̀ Jàpáánì ayé àtijọ́, gan-an ni wọ́n. Mo ra àwòrán òdòdó lílì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní £140, ayédèrú pátápátá ni. N kò dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ṣì wà níwájú báǹkì, àti pé ó ti pààrọ̀ orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí a ti ń fà á. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ohun tó mú kí ọjà yìí rọrùn láti fi luni ní jìbìtì ni pé orúkọ Ogawa tóbi, àwòrán rẹ̀ sì wà káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bí i ní 1860, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Boston, ó padà sí Tokyo ní 1884 láti ṣí ilé ìyàwòrán, ó sì dá ilé iṣẹ́ collotype, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tẹ àwòrán sórí bébà, sílẹ̀ ní 1889. Nínú iṣẹ́ collotype, wọ́n á da jẹ́látìn sójú dígí, wọ́n á gbé àwòrán tí kámẹ́rà yà lé e, wọ́n á sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ojú jẹ́látìn náà á sán wínníwínní bí ẹrẹ̀ etí odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ojú ibi tó sán yẹn ni tàdáwà ń dì mọ́. Bí Ogawa ṣe tẹ lílì, iris, peony àti lotus tó jọ òṣíbàtà tiwa nìyẹn, tí àwọ̀ wọn tutù, tí kò sì ta yòò. Àwọn àwòrán ìlú èbúté Yokohama tó ṣáájú tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ayàwòrán bíi Felice Beato àti Kusakabe Kimbei tà fún àwọn àlejò, yàtọ̀ sí èyí: funfun ẹyin ni wọ́n fi pa ojú bébà wọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí àmì tótó ti yẹ kó wà.

Nígbà tí lílì tèmi dé, ó dára lójú. Àbàwọ́n rúsúrúsú mẹ́ta wà ní igun òsì nísàlẹ̀, èyí sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ó ti pẹ́ láyé. Mo wá gbé dígí kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, lé ewé òdòdó náà. Dípò ojú sísán wínníwínní, àmì tótó ni mo rí, aláwọ̀ aró, pupa, ìyeyè àti dúdú, tí wọ́n tò yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bí wọ́n ṣe ń tẹ kàlẹ́ńdà lóde òní nìyẹn. Mo sún dígí náà sórí àbàwọ́n, àmì tótó kan náà ló wà nínú rẹ̀! Wọ́n tẹ àbàwọ́n pọ̀ mọ́ òdòdó ni. Ẹ̀yìn bébà náà sì mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ọlọ́jà fi ń yẹ owó wò sí i, ó tàn bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlúù ṣan. Kẹ́míkà tó ń mú bébà tàn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú bébà ayé Ogawa. Ẹ má ṣe rò pé bébà tí kò bá tàn ti di ojúlówó o; dígí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bóyá inú ìwé òdòdó Ogawa tí ilé musíọ̀mù Getty tún tẹ̀ ní 2013 ló ti gé e, bóyá ó kàn gba àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbé e fún atẹ̀wé, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Irọ́ rẹ̀ kejì ṣòro ju èyí lọ láti já, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Captain Francis Brinkley ṣe àwọn ìwé kan nípa Jàpáánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Boston ní 1897 sí 1898, àwòrán òdòdó Ogawa sì wà nínú wọn. Àwọn kan ń tú ìwé náà, wọ́n ń ta òdòdó inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Collotype ojúlówó ni, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ rà á, ṣùgbọ́n oníṣòwò yìí ń pè é ní ojú ewé álíbọ́ọ̀mù ńlá tí Ogawa fúnra rẹ̀ ṣe, ó sì ń gba owó álíbọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè ìwọ̀n bébà náà ní sẹ̀ǹtímítà, àti fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Mo béèrè méjèèjì lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán, ìwà òmùgọ̀ gbáà ni.

Bí àwòrán bá sì jẹ́ ti funfun ẹyin, ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ ti họ. Bí ọ̀dà pupa bá wọ inú ibi tó họ, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó ti họ ni ẹnì kan kùn ún.

Ní ti owó, báǹkì sí báǹkì ló fẹ́ kí n fi san, ó ní òun á yọ £10 fún mi. Orí ló yọ mí tí mo fi káàdì onígbèsè san án. Fún àwa tí a ń gbé ní Britain, bí ọjà kan bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà jọ jẹbi pẹ̀lú ẹni tó tà á. Ọjọ́ 14 tún wà lẹ́yìn tí ọjà bá dé, tí ẹ lè fi sọ fún oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́ láìsọ ìdí; "mo ń bọ̀, màá dá yín lóhùn" ló fi jẹ ọjọ́ tèmi tán.

Láàárọ̀ yìí, lílì kan ti tún wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tuntun. Àbàwọ́n mẹ́ta wà ní igun òsì nísàlẹ̀, níbi tí ti tèmi wà gẹ́lẹ́. Kì í ṣe £140 mọ́. £95 ló ń tà á báyìí.