Àgbéyẹ̀wò kọ́lọ́ọ̀mù monolith tín-ín-rín: Chromolith CapRod C18, 100 µm × 150 mm

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya peptide (ègé protein) sọ́tọ̀ kó tó wọ mass spectrometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo molecule), kọ́lọ́ọ̀mù yìí, ìyẹn páìpù tí wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀, tó í gbà lò. Kì í ṣe oníhóró, ìyẹn èyí tí wọ́n rọ hóró wẹ́wẹ́ kún. Silica inú rẹ̀ jẹ́ odindi kan ṣoṣo tó lu jára bíi kànìnkànìn. Ihò ńlá, bíi 2 µm, ni olómi ń gbà kọjá. Inú ihò kékeré, bíi 13 nm, ni peptide ti ń dúró. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù kì í fi í jìyà: 2 µL ní ìṣẹ́jú kan kò ní kan ìfúnpá 200 bar tó jẹ́ òpin rẹ̀.

Páìpù tó so mọ́ ọn ló sábà máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Olómi inú kọ́lọ́ọ̀mù náà kò ju nǹkan bí 1 µL lọ. Páìpù 50 µm tó gùn ní 10 cm péré ń gba 0.2 µL, ìdá kan nínú márùn-ún kọ́lọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀! Ẹ fi 20 µm rọ́pò rẹ̀, yóò di 0.03 µL. Ẹ̀yìn kọ́lọ́ọ̀mù ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ohun tó bá fọ́n ká níbẹ̀ kò tún lè ṣù jọ mọ́. Ojú ibi tí ẹ ti gé páìpù gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá rí gbágungbàgun, àlàfo á wà níbi oríkèé, àmì peptide lórí àwòrán (peak), tó yẹ kó ga ṣóńṣó, á wá máa wọ́ ìrù.

Ẹ fi uracil, tí kì í dúró nínú kọ́lọ́ọ̀mù, dán an wò. Ní 1 µL ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó ń jò níbì kan, tàbí àyè òfìfo ti pọ̀ jù.

Omi tó ní formic acid 0.1% àti acetonitrile 2% ni kí ẹ fi po peptide. Bí acetonitrile bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn peptide tó fẹ́ràn omi á bá omi ṣàn jáde láì dúró. TFA (trifluoroacetic acid) máa ń mú kí àmì rí ṣóńṣó sí i, àmọ́ ó ń dín agbára àmì náà kù nínú mass spectrometer.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò nílò asẹ́ tí yóò dí hóró mọ́nú. Bí iwájú rẹ̀ bá dí, tí ìdè ẹnu rẹ̀ sì ṣeé tú, ẹ gé 1 cm kúrò, ẹ tún un so, iṣẹ́ ń lọ. Ta ló jẹ́ dán ìyẹn wò pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù oníhóró?

Àléébù rẹ̀: pH tó bá ju 7.5 lọ ń jẹ silica rẹ̀, ẹrù tó lè gbé kò pọ̀, kọ́lọ́ọ̀mù tí hóró rẹ̀ kò tó 2 µm sì ń ya peptide sọ́tọ̀ jù ú lọ. Fún odindi protein, ẹ ra monolith styrene àti divinylbenzene dípò rẹ̀. Ní alẹ́, ẹ fi acetonitrile fọ̀ ọ́, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ.