Ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ SSH?

Láti ọdún 1995 tí Tatu Ylönen ti ṣe SSH, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè láìséwu, ní Finland, ọ̀nà méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) láti òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ aṣínà rọrùn: o tẹ̀ ẹ́, o wọlé. Ṣùgbọ́n ṣí port 22 (ẹnu ọ̀nà SSH) sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o wo àkọsílẹ̀ ìwọlé lọ́jọ́ kejì. Wàá rí "Failed password for root" (ọ̀rọ̀ aṣínà root, ọ̀gá pátápátá lórí sáfà, kò tọ̀nà) tó tò lọ bí èèrà. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló ń dán an wò láìsinmi, àyà mi sì máa ń já.

Ti kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀. Àṣẹ `ssh-keygen -t ed25519` á ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì fún ọ: ti ìkọ̀kọ̀ kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ti gbangba ló ń lọ sínú fáìlì `authorized_keys` lórí sáfà. Bí kọ̀ǹpútà bá sọnù, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ nìyẹn, nítorí náà fi gbólóhùn aṣínà tì í.

Kọ́kọ́rọ́ ni mo fara mọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kó o tó kọ `PasswordAuthentication no`, tó ń ti ọ̀nà ọ̀rọ̀ aṣínà pa, sínú `sshd_config` (fáìlì ètò SSH lórí sáfà), má pa fèrèsé tó o fi wọlé dé, kó o má bàa ti ara rẹ síta. Ṣí òmíràn, fi kọ́kọ́rọ́ wọlé níbẹ̀ ná.